Bí a ṣe gbé kọ̀ǹpútà mẹ́fà kúrò lórí Firefox 84 ní Kabba

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹta 2025

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí Àǹtí tó ni ilé ìtẹ̀wé lẹ́bàá ọjà Kabba pè mí. "Okun o, àbúrò mi. Dákun tètè máa bọ̀. Ìpolówó ti bo ojú gbogbo kọ̀ǹpútà wa, a ò mọ ibi tí a ó tẹ̀ mọ́." Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan kí n tó dé.

Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Mẹ́rin ń lo Windows 7, tòkunbọ̀ ni wọ́n, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jẹ eruku Kabba. Méjì tó kù ń lo Windows 10. Firefox ni búráúsà gbogbo wọn, ohun tí wọ́n fi ń ṣí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ wọn kì í sì í tán: fọ́ọ̀mù ilé-ìwé, àbájáde ìdánwò, ìwé ètò ìsìnkú, lẹ́tà ìwáṣẹ́, fún ará ìlú àti fún àwọn tó ń wọlé láti Bùnú àti Ìjùmú lọ́jọ́ ọjà.

Nọ́ńbà ẹ̀dà búráúsà ni mo kọ́kọ́ wò. 84 ni mo bá níbẹ̀. Oṣù Kejìlá 2020 ni 84 jáde, ó ti lé ní ọdún mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le láti yé ni. Àfikún kan wà lórí gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí tó ń dí ìpolówó, uBlock Origin lorúkọ rẹ̀. Firefox kì í gba àfikún wọlé láìrí ìbuwọ́lù Mozilla, àwọn tó ṣe Firefox, lára rẹ̀, ìwé-ẹ̀rí gbòǹgbò kan tó wà nínú búráúsà ló sì fi máa ń yẹ ìbuwọ́lù náà wò. Ìwé-ẹ̀rí ọ̀hún lọ́jọ́ tí yóò parí. 14 oṣù Kẹta 2025 lọjọ́ náà, àná gan-an. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ṣáájú pé ẹni tó bá ti wà lórí ẹ̀dà 128 sókè, tàbí ESR 115.13 sókè (ESR ni ẹ̀dà tí wọ́n máa ń tì lẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́), kò ní mọ nǹkan kan lára. Àwa tí a jókòó sórí 84 ló bá. Gbogbo àfikún kú lẹ́ẹ̀kan náà, ìpolówó sì ya wọlé bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọgbà ewúrẹ́.

Mo bi Àǹtí pé ta ló dá àpúdéètì dúró. Wọ́n ní ẹni tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe tẹ́lẹ̀ ni, nítorí ìdánwò àdánwò kan tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń wá ṣe, tó ń lo Flash, ètò Adobe tí wọ́n fi ń ṣí àwòrán tó ń rìn àti eré lójú ewé nígbà náà. Ó mọ ohun tó ń ṣe dé ìwọ̀n kan, nítorí 84 ni ẹ̀dà Firefox tó gba Flash kẹ́yìn, 85 ló yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n Adobe fúnra wọn ti kásẹ̀ Flash nílẹ̀ ní 31 oṣù Kejìlá 2020, nígbà tó sì di 12 oṣù Kìíní 2021, Flash kì í ṣí nǹkan kan mọ́, kódà lórí ẹ̀rọ tó ṣì wà. Ìdí tí wọ́n fi so búráúsà mọ́lẹ̀ ti kú kí oṣù náà tó dá sí méjì, okùn tí wọ́n fi so ó ló kù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Dátà wọ́n, Àǹtí sì fẹ́ràn pé ẹ̀rọ wọn kì í dédé máa jẹ dátà lóru.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níṣojú mi tó mú kí n pinnu pé iṣẹ́ yìí ò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ń wá ojú ewé ilé-ìwé kan fún oníbàárà. Ojú ewé funfun kan yọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé búráúsà rẹ̀ ti gbó, kó tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kó lè gba tuntun. Ó ti gbé máọ̀sì débẹ̀ nígbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀tàn ni. Òótọ́ ni pé búráúsà náà ti gbó, ohun tó sì jẹ́ kí irọ́ náà rọrùn láti gbà gbọ́ nìyẹn. Mo pe àwọn méjèèjì jọ, mo sọ fún wọn pé àpúdéètì tòótọ́ kì í jáde láti inú ojú ewé ẹlòmíì. Inú búráúsà fúnra rẹ̀ ló ti ń wá, lábẹ́ àwòrán ìlà mẹ́ta tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Èyí tó bá yọ sáàárín ojú ewé, kí wọ́n tì í pa.

A dúró lórí ìpinnu kan kí n tó kúrò. Àwọn Windows 7 kò lè kọjá Firefox ESR 115. Ẹ̀dà 109, ti oṣù Kìíní 2023, ni Chrome ṣe kẹ́yìn fún Windows 7, nítorí náà kò sí ibòmíì tó dára tí a lè sá lọ láìra ẹ̀rọ tuntun. Ní oṣù Kẹta 2025 yìí, Mozilla ṣì ń dí ihò ààbò fún 115 lórí Windows 7, wọ́n sì ti sún ọjọ́ ìparí rẹ̀ sí oṣù Kẹsàn-án 2025. Àwọn Windows 10 méjèèjì yóò gba 136, tó jáde ní ọjọ́ 4 oṣù yìí.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta

Mo dé kí wọ́n tó ṣí. NEPA ò sí, a tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo fáìlì kékeré tí ìkànnì kọ́kọ́ máa ń fún yín. Fáìlì kékeré yẹn kì í ṣe búráúsà, òun ló máa tún lọ gbé búráúsà wá, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò sì tún gbé tirẹ̀. Odidi fáìlì ni kí ẹ gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fi fíláàṣì USB pín in káàkiri. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹ̀dà 32-bit fún ẹ̀rọ kìíní, ìkejì àti ìkẹrin tí ọpọlọ wọn (RAM) jẹ́ 2 GB, 64-bit fún ìkẹta tó ní 4 GB, 136 fún ìkarùn-ún àti ìkẹfà.

Kí n tó gbé ohunkóhun sí wọn, mo da àpò ẹrù búráúsà kọ̀ọ̀kan kọ sórí fíláàṣì. Àpò yẹn ni Firefox ń pè ní profile. Nínú rẹ̀, places.sqlite ló ń tọ́jú búkúmáàkì àti ìtàn ibi tí èèyàn ti lọ, logins.json àti key4.db ló sì jọ ń tọ́jú páswọ̀ọ̀dù. Àwọn méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ jọ lọ ni, ọ̀kan ni àpótí, èkejì ni kọ́kọ́rọ́. Ìdí tí mo fi ń ṣe wàhálà yìí ni pé bí Firefox tuntun bá ti ṣí àpò náà pẹ́rẹ́, Firefox àtijọ́ kì í gbà á mọ́. Kò sí ẹ̀yìn tí èèyàn lè padà sí.

Ibi tí mo ti ń ṣe èyí ni mo ti rí ohun tí mi ò lérò. Mo ṣí ojú ewé páswọ̀ọ̀dù lórí ẹ̀rọ kìíní. Mo ń fà á lọ sísàlẹ̀, kò tán. Ímeèlì ènìyàn, àkáǹtì ilé-ìwé ènìyàn, orúkọ àwọn tí mo mọ̀ ládùúgbò, àwọn tí mo máa ń bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí búráúsà bá bèèrè pé ṣé kí òun tọ́jú páswọ̀ọ̀dù, oníbàárà tó ń kánjú á tẹ bẹ́ẹ̀ ni, á sanwó, á lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tẹ̀ lé e lè rí gbogbo rẹ̀. Mo pa ojú ewé náà dé kíá, mo lọ pe Àǹtí síta. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "A ò mọ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé a ò mọ̀." A fẹnu kò pé a ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, a ó sì pa ìbéèrè yẹn kí ó má bèèrè mọ́. Mo fẹ́ ṣe é lójú ẹsẹ̀. Àǹtí ló ní kí n ní sùúrù, pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni páswọ̀ọ̀dù wọn wà. Mo dúpẹ́ pé mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu.

Nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà ní pípa, mo yọ gbogbo wáyà, mo gbé wọn síta, mo fẹ́ eruku inú wọn. Mo gbé wọn padà, mo fi búráúsà tuntun sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, uBlock ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ojú ewé ń ṣí láìsí ìpolówó kan. Mo gba owó iṣẹ́ mi lọ́wọ́ Àǹtí, mo lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹta

Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá Tíṣà máa ń wá.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá. Ẹ̀rọ ìkẹta ni wọ́n máa ń lò, nítorí ó sún mọ́ fèrèsé. Láti bíi ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń kó nǹkan jọ lórí ìtàn ilẹ̀ wa, láti ìgbà Kabba Province títí dé ìgbà tí a wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991. Wọ́n tún ń kọ ọ̀rọ̀ Owé, ẹ̀ka èdè wa ní Kabba, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ mọ́ sínú ìwé kan, wọ́n sì ń fi wọ́n wé bí àwọn ará Yagba àti Bùnú ṣe ń pè é. Gbogbo ojú ewé tí wọ́n bá rí, wọ́n á fi ìràwọ̀ sí i, á di búkúmáàkì. Wọn ò ní kọ̀ǹpútà nílé. Orí ẹ̀rọ ìkẹta yẹn ni àpótí ìwé wọn wà.

Nígbà tí mo dé, Bàbá jókòó síwájú ẹ̀rọ, ọwọ́ wọn lórí itan, wọn ò tẹ nǹkan kan. Ojú búráúsà mọ́ tóní, kò sí búkúmáàkì kankan níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "wọ́n ní ìwọ lo tún un ṣe. Ṣé o ti kó ìwé mi dànù ni?"

Àyà mi já. Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Mo mọ̀ pé ó wà lórí fíláàṣì mi. Ohun tí mi ò mọ̀ lákòókò náà ni ìdí tí kò fi sí níbẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kìíní, ìkejì àti ìkẹrin gbé gbogbo ẹrù wọn wá láìsí wàhálà.

Ìdí rẹ̀ rèé. Firefox 84 tó wà lórí ìkẹta jẹ́ 32-bit, inú fódà Program Files (x86) ló ń gbé. 64-bit ni mo fi rọ́pò rẹ̀, inú Program Files lòun wọ̀. Láti ẹ̀dà 67, ní oṣù Karùn-ún 2019, Firefox kọ̀ọ̀kan tó bá wà ní fódà ọ̀tọ̀ máa ń ní àpò ẹrù tirẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ bí àlejò tuntun, ó dá àpò òfìfo sílẹ̀, ó fi ti Bàbá sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nǹkan kan ò sọ nù. Ilẹ̀kùn mìíràn ló ṣí.

Mo tẹ about:profiles síbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí. Àpò méjì jáde. Mo mú ti àtijọ́, mo sọ ọ́ di èyí tí yóò máa ṣí fúnra rẹ̀, mo pa búráúsà, mo tún un ṣí. Búkúmáàkì Bàbá tò wálẹ̀ lọ́wọ́ òsì, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n fún wọn: "Kabba àtijọ́", "Ọ̀rọ̀ Owé tí mo gbàgbé", "Bi ẹ̀gbọ́n léèrè". Bàbá tẹ́ ara wọn síwájú, wọ́n fi ìka ka wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú gíláàsì, ẹnu wọn ń mì. Ó pé. Wọ́n mí kanlẹ̀.

Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí kò tíì kúrò létí mi: "Bí o bá fẹ́ kó ẹrù èèyàn láti yàrá kan sí òmíràn, o máa ń kan ilẹ̀kùn ni." Wọn ò pariwo mọ́ mi. Ó ṣeé ṣe kí n má rántí rẹ̀ tó báyìí ká ní wọ́n pariwo.

Bákan náà, páswọ̀ọ̀dù ímeèlì Bàbá wà nínú àwọn tí mo fẹ́ pa rẹ́ lánàá. Wọn ò rántí rẹ̀ rárá, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ṣí ímeèlì náà sì ti sọ nù tipẹ́. Ká ní mo ti pa á rẹ́, ìyẹn ni ì bá sọ nù tí kò ní padà mọ́. Mo fi páswọ̀ọ̀dù náà hàn wọ́n, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ọ̀rọ̀ Owé, wọ́n ní kí n yọ ti ẹ̀rọ kúrò níṣojú wọn. Mo yọ ọ́. Mo tún fi àwọn búkúmáàkì náà ṣe fáìlì HTML kan, irú èyí tí búráúsà èyíkéyìí lè ṣí, mo dà á sórí fíláàṣì kékeré tí Àǹtí fi ta Bàbá lọ́rẹ.

Láti ọ̀sán yẹn ni mo ti so bébà mọ́ ara ògiri: ẹni tó bá ti tọ́jú páswọ̀ọ̀dù sórí ẹ̀rọ wa rí, kó wá gbà á kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn a ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ènìyàn mọ́kànlá ló wá.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kẹta

Lónìí mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, mi ò tún nǹkan kan ṣe, mo kàn ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń lò ó. Ó yẹ kí n ti ṣe èyí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀dùn ọkàn àkọ́kọ́ ti àwọn ọmọbìnrin náà ni dáúnlóòdù. Ní 84, bí wọ́n bá tẹ fáìlì kan, búráúsà á bi wọ́n pé ṣé kí òun ṣí i ni àbí kí òun tọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ wọn ti mọ ìbéèrè yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi fáìlì sí fódà oníbàárà. Láti ẹ̀dà 98, ní oṣù Kẹta 2022, ìbéèrè yẹn kì í jáde mọ́; fáìlì á kàn wọ inú fódà Downloads lọ tààrà. Nítorí náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọn ò rí ìbéèrè, wọ́n rò pé kò gbọ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Mo bá fọ́ọ̀mù ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀méje níbẹ̀. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé wọ́n ti tẹ ìwé ẹlòmíì jáde fún agùnbánirọ̀ kan, nítorí fáìlì méjèèjì ní orúkọ kan náà, nọ́ńbà inú àkámọ́ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó san owó rẹ̀ kí ó tó rí i. Àǹtí dá a padà fún un.

Ó ní ibi tí wọ́n ti ń dá ìbéèrè náà padà: nínú ètò, abala General, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí Firefox yóò ṣe sí fáìlì. Mo yí i sí kó máa bèèrè lórí gbogbo ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣe ni inú àwọn ọmọ náà dùn. Ọ̀kan sọ pé, "Ó ti dà bíi tiwa báyìí."

Ẹ̀dùn ọkàn kejì wá láti orí ẹ̀rọ ìkejì. Láti òwúrọ̀ ni kò ti ṣí ojú ewé kankan, ó ń sọ pé ewu wà níwájú. Gbogbo ènìyàn ló dá búráúsà tuntun lẹ́bi, èmi náà fẹ́ dá a lẹ́bi. Kí n tó ṣe é ni mo wo igun ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ: ọjọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ 1 oṣù Kìíní 2009. Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ìwé-ẹ̀rí tó ń dáàbò bo ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Bí aago ẹ̀rọ bá ń sọ pé ọdún 2009 la wà, ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n kọ ní 2025 kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀, búráúsà á sì kọ̀ ọ́. Bátìrì kékeré tó ń di aago mú nínú ẹ̀rọ ló ti kú. Ó ti ń kú lọ tipẹ́; bí iná bá ti lọ báyìí, kò lè di aago náà mú mọ́.

Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. Bátìrì CR2032 ni, pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀, ó yẹ kó jẹ́ fólítì 3. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n: 1.1. Mo fi èékánná ti irin tó dì í mú, ó ta jáde, mo ti tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ojú tó ní àmì àròpọ̀ lókè. Mo tún ọjọ́ ṣe, mo yọ wáyà kúrò lára ògiri, mo ka ọgọ́rùn-ún, mo dá a padà. 2025 ló wà níbẹ̀. Gbogbo ojú ewé ṣí. Ní ti ẹ̀rọ mẹ́ta tó kù tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, mo pààrọ̀ tiwọn náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kẹta

Wọ́n pè mí láàárọ̀ pé tábù ti pòórá lórí ìkẹfà. Kò pòórá. Ẹ̀dà 136 ló gbé tábù olóròó wá, tí tábù á kúrò lókè tí á tò sí ẹ̀gbẹ́ òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnì kan ti fi bọ́tìnnì ọ̀tún máọ̀sì tẹ ìlà òkè láìmọ̀, ó sì yàn án. Mo dá a padà láàárín ìṣẹ́jú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà níbẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n fi í sílẹ̀, pé ó rọrùn fún òun nítorí ó ń ka orúkọ tábù tán. A fi ìkarùn-ún sí olóròó, a fi ìkẹfà sí ti àtijọ́. Ẹni tó bá wù á lọ sí èyí tó wù ú.

Ẹ̀rọ ìkẹrin ló gba ọ̀sán mi. Bí wọ́n bá fa ojú ewé sísàlẹ̀, àbàwọ́n dúdú á bo ìdajì rẹ̀. Káàdì àwòrán inú rẹ̀ ti dàgbà ju ọ̀nà tí búráúsà tuntun fi ń yàwòrán lọ. Mo lọ sí abala Performance nínú ètò, mo yọ àmì lára ohun tí wọ́n dámọ̀ràn, mo sì yọ àmì lára ìrànlọ́wọ́ káàdì àwòrán. Àbàwọ́n náà lọ. Ó lọ́ra díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ojú ríran.

Ìlọ́ra gan-an ni ẹjọ́ tí mo gbọ́ jù lórí àwọn tó ní 2 GB, ẹjọ́ náà sì tọ́. Láti nǹkan bí ẹ̀dà 95, ní ìparí 2021, Firefox ti ń fi ìkànnì kọ̀ọ̀kan sínú yàrá tirẹ̀, kí ìkànnì búburú má bàa yọjú wo ohun tó wà nínú ti ilé ìfowópamọ́ tó ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn pátápátá, pàápàá fún ṣọ́ọ̀bù tí èrò ń wọ̀. Ṣùgbọ́n yàrá púpọ̀ ń gba ilẹ̀ púpọ̀. Mo sọ fún Àǹtí láìfi bò pé ètò kankan ò lè tún èyí ṣe, pé ọpọlọ ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi kún. Wọ́n fi owó rán mi sí Lọ́kọ́ja, mo rí ọpọlọ DDR3 2 GB mẹ́ta rà ní tòkunbọ̀. Mo ti ki wọ́n bọ̀ ọ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn kí iná tó lọ nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹta

A pa gbogbo páswọ̀ọ̀dù rẹ́ lórí ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Àǹtí jókòó tì mí. Mo pa ìbéèrè páswọ̀ọ̀dù, mo sì jẹ́ kí búráúsà máa nu ìtàn àti kúkì nù nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tì í. Búkúmáàkì kò sí lára ohun tó ń nù. Mo dán ìyẹn wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìkẹta kí n tó gbà á gbọ́. Fíláàṣì tí mo da àwọn àpò àtijọ́ kọ sí náà, mo pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kẹta

Mo yà síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè mí. Mozilla gbé àtúnṣe pàjáwìrì jáde lánàá: 136.0.4, àti 115.21.1 fún àwọn ESR àtijọ́. Ihò kan tó lè jẹ́ kí ènìyàn búburú jáde kúrò nínú ọgbà tí búráúsà fi yí ojú ewé ká lórí Windows ni wọ́n dí. Ẹ̀rọ márùn-ún ti gbà á fúnra wọn. Ìkẹrin ń dúró kí wọ́n tún un ṣí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ti rí àmì rẹ̀ lára ìlà mẹ́ta lókè, kò tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró dè mí láti bèèrè bóyá tòótọ́ ni. Mo ní, "Níbo lo ti rí i?" Ó ní, "Inú búráúsà ni, kì í ṣe ojú ewé." Mo ní kó tẹ̀ ẹ́.

Bàbá Tíṣà wà nídìí ìkẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ti fi búkúmáàkì mẹ́rin kún tiwọn. Wọ́n ní kí n wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe fáìlì HTML yẹn hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, pé lọ́tẹ̀ yìí àwọn fúnra wọn ló máa tẹ̀ ẹ́. Wọ́n mú fíláàṣì wọn jáde láti inú àpò agbádá, ó wà nínú ọ̀rá, wọ́n fi okùn kékeré di ẹnu rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn wọn títí fáìlì náà fi wọlé.